Màlúù Wa ò Mọ Ìyàtọ̀ Ewé àti Ọ̀rá

Kí àwọn aládùúgbò tó fi iyọ̀ sí i fún yín, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́: lóòótọ́ ni mo bá màlúù jà níwájú àlejò. Èmi ni mo sì borí.

Nem niṣẹ́ ilé wa ní Thanh Hóa. A ó gún ẹran ẹlẹ́dẹ̀, a ó po ata àti aáyù mọ́ ọn, a ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n ọn, ewé lórí ewé, títí ẹran á fi kan bí ògì nínú rẹ̀. Ewé pọ̀ ju ẹran lọ, kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Àwọn oníbàárà á ní, "Ìyá Quyết, ṣé nem lẹ tà fún mi ni àbí igbó?" Èmi náà á ní, "Ṣáà máa tú u, ẹran wà nílé!"

Quyết, ọmọ mi kan ṣoṣo, ń rán bàtà nílé iṣẹ́ kan ní Bình Dương lọ́hùn-ún. Ìgbà Tết, ọdún tuntun wa, nìkan la ń rí i. Ó ní bí iṣẹ́ ilé bá lè gbọ́ bùkátà gbogbo wa, òun á padà wálé. Nígbà tí Ọ̀gá Bách, tó ní ilé ìtajà ńlá ní Hà Nội, wá pè wá pé òun fẹ́ nem wa, pé ká ṣáà fi ọ̀rá tó mọ́ gaara dì í kí oníbàárà lè rí ohun tó ń rà, kí ni mo tún fẹ́ rò? Mo ní, "Ọ̀rá dà?"

Thoa, ìyàwó ọmọ mi, fajú ro. "Màmá, ẹ lọ wo etí odò. Ọ̀rá tó wà níbẹ̀ ò tíì tó ni?"

"Ṣé odò ló bí Quyết ni?"

"Èmi náà kọ́ ni mo bí i. Àmọ́ èmi ni mò ń dá sùn."

Ẹ gbà mí! A bá fẹnu kò pé ká ṣe méjèèjì, kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ yàn.

Ọ̀gá Bách dé, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan báyìí tó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo nǹkan. Mo sáré gbé tọlọ́ràá síwájú rẹ̀. Ó mú ọ̀kan, ó yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún.

"Màmá, ṣé ìka ọmọ ọwọ́ nìyí?"

Kí n má purọ́, n ò rí nem mi níhòòhò báyẹn rí. Ojú tì mí fún un. Ọ̀gá ya ọ̀rá rẹ̀ jù sílẹ̀, ó ju nem sẹ́nu, ó gbé e mì.

"Ó ti tán?"

"Ó ti tán, ọ̀gá."

Thoa bá gbé tewé wá, pẹ̀lú ọtí ìrẹsì díẹ̀. Ọ̀gá ń tú u. Ó tú ewé kan, ó tú òmíràn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó mu ọtí, ó béèrè ọkọ Thoa, ó sọ bí ìyá tirẹ̀ ṣe máa ń nà án tó bá jí nem jẹ. Nígbà tó fi máa kan ẹran, itọ́ ti kún ẹnu rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń gé e jẹ.

"Háà! Èyí gan-an ló dùn."

Odó kan náà mà ni a ti gún wọn o!

Ewé tó dà sílẹ̀, màlúù wa na ọrùn láti ìdí igi, ó kó wọn jẹ. Ọ̀gá ní, "Ẹ ò tún ní gbálẹ̀ nìyẹn." Ibi tá a ti ń rẹ́rìn-ín ni màlúù ti kó ọ̀rá náà sẹ́nu.

"Yéè! Tu ú dànù!" Mo fò mọ́ ọn, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó fà, mo fà. Bàtà mi fò lọ, àwọn aládùúgbò ń fi mí ṣe ìran lórí ọgbà. Nígbà tí mo fa ọ̀rá yọ, itọ́ ti dé ìgúnpá mi. Thoa gbé abọ́ omi dúró tì mí.

"Màmá," ó ní, "ọ̀rá dà?"

Ọmọ burúkú! Ẹ̀rín pa èmi náà.

Ọ̀gá Bách nu omijé ẹ̀rín nù. "Ó yá, ewé ni. Ṣé ewé yín á tó iye tí mo fẹ́?"

"Rárá o," Thoa ní. "Tá a bá já gbogbo rẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àdúgbò ò ní so. Ìdajì lagbára wa mọ."

Ìdajì kẹ̀! Ṣé ìdajì Quyết ló máa wálé ni?

Ọ̀gá ronú. "Ìdajì náà dára. Màá fowó lé e, torí iṣẹ́ inú rẹ̀ pọ̀. Ẹ̀rọ ni mo fẹ́ gbé wá fún tọlọ́ràá, òun ni ì bá máa dì í, ẹ̀yin méjèèjì ì bá tó iṣẹ́ náà. Ewé ò rí bẹ́ẹ̀. Ta ló máa máa gé e? Ta ló máa rù ú?"

Èmi àti Thoa wojú ara wa. Ó ti ń tẹ fóònù kí n tó la ẹnu. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Quyết, ọwọ́ wa ò ká iṣẹ́ mọ́. Máa bọ̀."

"Fún ọjọ́ mélòó, Màmá?"

"Ọjọ́ mélòó kẹ̀? Kó ẹní rẹ, kó ìkòkò rẹ, máa bọ̀ nílé!"

Ni mo bá gbọ́ tó ń sunkún. Èmi náà bú sẹ́kún, mo fi ọwọ́ nu ojú, ọwọ́ tí n kò tíì fọ itọ́ màlúù kúrò lára rẹ̀.