Àwọn Tó Sin Dẹlakúrùsì

Orúkọ náà pọ̀ ní Ọ̀tà ju bó ṣe yẹ lọ. Dẹlakúrùsì kan ń rọ géètì ní Joju, òmíràn ń ta táyà nítòsí Ṣàngó Toll Gate, òmíràn tún wà tó jẹ́ lèmọ́mù. Ti lèmọ́mù yìí ló máa ń pa àwọn tó gbọ́ èdè ará Sípéènì lẹ́rìn-ín, torí pé "ti Àgbélébùú" ni orúkọ náà túmọ̀ sí lọ́dọ̀ wọn. Àwọn tó ń jẹ́ ẹ kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní orúkọ bàbá àwọn ni, kí ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn lọ jẹ́ ti bàbá tirẹ̀.

Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tí orúkọ náà ń wú lórí tó Toyibat ti Oju-Ore. Súpáfáísọ̀ ni ní kọ́ńpìnì bisikíìtì kan. Obìnrin tí kì í fepo bọyọ̀ ni. Bó bá rí ohun tó wọ́, yóò ní ó wọ́, ìbáà jẹ́ ọ̀gá pátápátá ló wọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń di bisikíìtì dákẹ́, wọ́n sì ránṣẹ́ pe ẹni tó máa tún un ṣe. Bí ọkùnrin náà ṣe dárúkọ ní ẹnu géètì báyìí, mẹ́gáàdì bú sẹ́rìn-ín, ó sáré wá bá Toyibat.

"Madam, your broda don come o."

Toyibat tí kò ní arákùnrin kankan jáde lọ wo arákùnrin rẹ̀. Ó bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń fi àkísà nu ọwọ́, tó sọ fún un pé Al-Ameen Dẹlakúrùsì ni òun, láti Joju. Ẹ̀rọ náà gbádùn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìfẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ti lé lọ́dún kan báyìí.

Kò tilẹ̀ ro ti orúkọ lẹ́ẹ̀mejì. Adéyẹmí mélòó ló wà nílẹ̀ Yorùbá tí wọn ò bára tan? Nígbà tó yá, ó mú Al-Ameen lọ sọ́dọ̀ Bàbá Àmọ̀dá, bàbá tó bí bàbá rẹ̀, tó sì tọ́ ọ dàgbà láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, pé òun ti rí ọkọ.

Bàbá Àmọ̀dá ni olórí gbogbo ẹbí Dẹlakúrùsì. Bíríkìlà ni, kó tó di pé orúnkún ní òun ò gun àkàbà mọ́. Al-Ameen wù ú lójú ẹsẹ̀. Ó bi í léèrè iṣẹ́, ó bi í léèrè ìrun, ó bi í bóyá ìyá rẹ̀ wà láyé. Ìgbà tó wá béèrè orúkọ ilé wọn tó sì gbọ́ ọ, ó gbé ife omi ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Dẹlakúrùsì ti Joju? Ìran Àbáyọ̀mí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Òun ló bí bàbá bàbá mi."

"Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni yín nígbà náà. Ọmọ bàbá kan náà kì í fẹ́ra wọn. Dìde, ọmọ mi, o kú ìrìn."

Kàfáyá, ìyá Toyibat, ń gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà yàrá. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí Bàbá má bínú, pé bí wọ́n bá tilẹ̀ tan pàápàá, ẹ̀sìn ṣáà gbà kí ọmọ ẹ̀gbọ́n fẹ́ ọmọ àbúrò.

"Ẹ̀sìn gbà á," ni Bàbá wí. "Ilé wa ni ò gbà á."

Gbogbo ọmọ ilé ló mọ ìtàn tí Bàbá gbára lé. Ogun ló kó bàbá ńlá wọn ní kékeré, wọ́n tà á, ọkọ̀ òkun sì gbé e dé Kúbà, níbi tí àwọn ará Sípéènì ti ń jọba. Ọjọ́ tí wọ́n gúnlẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ àjọ̀dún Àgbélébùú. Fadá tò wọ́n sí èbúté, ó wọ́n omi sí wọn lórí. Fadá yẹn ò sì ní sùúrù àtiwá orúkọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó fún odindi ọkọ̀ ní orúkọ kan ṣoṣo, de la Cruz. Bí ẹni ń fi òǹtẹ̀ lu àpò sìmẹ́ńtì ni. Bàbá náà gé ìrèké títí, ó kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà, ó ra ara rẹ̀ padà, ó wọ ọkọ̀ wá sí Èkó, ó sì tẹ̀ dó sí Ọ̀tà. Òun ló kọ́ ilé tí Bàbá Àmọ̀dá ń gbé títí dòní. Àwọn tó jẹ́ mùsùlùmí nínú ẹbí, tí àwọn ààfáà ti bẹ̀ títí pé kí wọ́n pa orúkọ Fadá náà rẹ́, kọ̀ jálẹ̀ nítorí bàbá yìí.

Bí Bàbá Àmọ̀dá ò bá ti lóhùn sí i, kò sí ẹni tó máa gba ẹrù ìdána lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Alhaji Àmúdà, bàbá Al-Ameen, tilẹ̀ ti ní òun ò ní fẹsẹ̀ òun tẹ Oju-Ore láìjẹ́ pé àgbà ibẹ̀ pe òun. Toyibat rí i kedere pé òun ti fẹ́ pàdánù ọkùnrin yìí. Ó dùn ún wọra. Ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ẹni tí ìbànújẹ́ ń dè mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó wẹ̀, ó wọṣọ, ó ní kí Al-Ameen mú òun lọ sí Joju, kí òun lọ bẹ ìyá bàbá rẹ̀ pé kó bá àwọn bẹ Bàbá.

Ìyá Ṣùkúrát ni ìyá náà ń jẹ́, arúgbó tí etí rẹ̀ ti wúwo díẹ̀ àmọ́ tí ẹnu rẹ̀ ṣì mú ṣáṣá. Al-Ameen ò tíì dọ̀bálẹ̀ tán tí ìyá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, Àjàní, ọmọ Olówu, ọmọ ará Òwu. Ó ń fi ọwọ́ gbá a lẹ́yìn bó ṣe ń kì í, inú ọmọ náà sì ń dùn.

Toyibat gbàgbé ẹ̀bẹ̀ tó bá wá. "Ìyá, ẹ má bínú. Oríkì Òwu tẹ́ ẹ fi kì í yẹn, ta ló ni ín?"

"Ti ilé ọkọ mi ni. Ta ni ì bá tún ni ín? Òwu paraku ni wọ́n, láti Abẹ́òkúta. Ojoojúmọ́ ni ìyá ọkọ mi fi ń kì wọ́n, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ."

Lójú ọ̀nà, Toyibat ń ro ọ̀rọ̀ náà. Láàárọ̀ láàárọ̀ tó bá kúnlẹ̀ kí Bàbá, Àṣàkẹ́ ọmọ Ọlọ́fin ni Bàbá ń kì í, ọmọ Àwórì, ọmọ Ọ̀tà Igànmọ́dẹ. Bàbá kan ò sì lè jẹ́ ará Òwu nílé àwọn Al-Ameen kó tún wá jẹ́ Àwórì nílé tiwọn. Orílẹ̀ kì í ṣe bùbá, a kì í pààrọ̀ ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń kúnlẹ̀, Bàbá sì kì í. Nígbà tí Bàbá kì í tán, kò dìde.

"Bàbá, oríkì ta nìyẹn?"

"Ti bàbá wa."

"Dẹlakúrùsì?"

Bàbá wò ó látòkèdélẹ̀.

"Mo lọ sí Joju lánàá, Bàbá. Òwu ni wọ́n ń kì lọ́hùn-ún. Bàbá kan ṣoṣo ló bí wa, ṣé bí wọ́n ṣe ń pín ẹran iléyá ló ṣe pín orílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ni?"

Bàbá ní kó lọ ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó padà dé, ojú àgbàlagbà náà ti yí padà.

"Dẹlakúrùsì ò bímọ," ni ó wí.

Ó ní Akíndé, bàbá bàbá òun, ló sọ ọ́ fún òun nígbà tó ń kú lọ, torí pé òun ló máa di olórí ẹbí lọ́jọ́ iwájú. Dẹlakúrùsì fẹ́ ìyàwó méjì ní Ọ̀tà, ìkankan nínú wọn ò lóyún. Ó gba àwọn ọmọ ọlọ́mọ sọ́dọ̀, ó kọ́ wọn níṣẹ́, ó bọ́ wọn, ó sì fẹ́ ìyàwó fún wọn. Akíndé ará Ọ̀tà wà nínú wọn, Àbáyọ̀mí ará Òwu náà wà nínú wọn. Ọjọ́ tó kú, àwọn kan nílùú ní kí wọ́n lọ sin ín sínú igbó, pé ẹni tí kò bímọ ò gbọdọ̀ sùn nínú ilé. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní àfi bí ẹ̀yìn àwọn. Wọ́n fúnra wọn gbẹ́ ilẹ̀ ní yàrá inú, wọ́n sin ín bí ọmọ ṣe ń sin bàbá, wọ́n sì mú orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n búra níbẹ̀ pé àwọn ọmọ àwọn, àfi ẹni tó bá máa jẹ́ olórí ẹbí, ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ láéláé pé bàbá yìí kú láìlọ́mọ.

Orí Toyibat gbóná. "Ẹ mọ̀ pé a ò tan, Bàbá. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ sì ní kí n fi ọkọ mi sílẹ̀."

"Mo mọ̀ ọ́n. Wọ́n fi ọkùnrin yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà ayé rẹ̀. Ṣé èmi ni kí n tún wá tú u síta nígbà tó ti kú? Ọkùnrin pọ̀ nílé ayé, Toyibat. Wàá rí òmíràn."

"N ò fẹ́ òmíràn. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ ọ́ nílé òkú gbogbo pé ẹni ọmọ sin ló bímọ. Àwọn wo ló sin ín? Bó bá jẹ́ pé òótọ́ lẹ ń sọ nílé olókùú, ọkùnrin yẹn bímọ. Bí kì í bá ṣe òótọ́, ẹ yé é sọ ọ́ fún wọn."

Bàbá Àmọ̀dá yíjú sí ọ̀nà yàrá inú.

"Èmi ò ní bá yín da ìbúra yín," ni Toyibat wí. "Ẹnu mi ò ní sọ ọ́ fún Al-Ameen pàápàá. Ṣùgbọ́n àwọn ará Joju ń bọ̀ níbí lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Bẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ wò mí lójú, kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé a tan."

"Ta ló pè wọ́n?"

"Mo fẹ́ lọ pè wọ́n báyìí ni. Màá ní ẹ̀yin lẹ rán mi."

Wọ́n wá lóòótọ́, Alhaji Àmúdà, Al-Ameen àti Ìyá Ṣùkúrát, tó ní bí wọ́n fi òun sílẹ̀ sílé òun á wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá tẹ̀ lé wọn. Kàfáyá gbé omi tútù àti mọ́ínmọ́ín síwájú wọn. Kò sí ẹni tó jẹ ẹ́. Toyibat kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn níbi tí ọmọ tí wọ́n ń tọrọ máa ń wà, ó sì gbójú mọ́ Bàbá.

Bàbá Àmọ̀dá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ òjò, ó sọ̀rọ̀ ọ̀nà tó bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ló wo ọmọ ọmọ rẹ̀. Ojú méjèèjì pàdé. Ó gbìyànjú àtisọ ọ́ pé wọ́n tan, ètè rẹ̀ tilẹ̀ ti mira, ṣùgbọ́n kò lè sọ ọ́.

Ó wá sọ òótọ́. Ó sọ ọ́ láti Kúbà dé yàrá inú, kò fi ìkankan pamọ́. Ó ní ohun tó máa ń dun Dẹlakúrùsì jù, gẹ́gẹ́ bí Akíndé ṣe wí, kì í ṣe ìrèké tó gé, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu ará ìlú. Ó ní tí bàbá náà bá ń kọjá lọ, yóò gbọ́ tí wọ́n ń kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bàbá Lágbájá, Bàbá Tàmẹ̀dò, kódà àwọn tó kéré sí i lọ́jọ́ orí. Ọ̀gá ni wọ́n ń pe Dẹlakúrùsì. Ọ̀gá ni wọ́n pè é títí ó fi kú.

Alhaji Àmúdà fi fìlà nu ojú rẹ̀, kò sì tijú láti ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ọmọ Dẹlakúrùsì ni mo fi ń yangàn láàárín ẹgbẹ́ láti kékeré," ni ó wí. "A ò wá jẹ́ nǹkan kan síra mọ́ nìyẹn, Bàbá?"

"Ẹ̀jẹ̀ ni mo ní a ò fi tan. N ò ní ẹ kì í ṣe ẹbí mi. Bàbá bàbá yín àti bàbá bàbá mi jọ gbẹ́ ilẹ̀ yẹn ni. Bí ọmọ yín bá ṣì fẹ́ ọmọ mi, mo ti fún un."

Al-Ameen dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò sì tètè dìde. Kàfáyá ń sunkún ayọ̀ nínú ìborùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n Alhaji Àmúdà ṣì jókòó bí ẹni tí nǹkan ń jẹ lọ́kàn.

"Kí la ó wá máa pe bàbá náà láti òní lọ? Bàbá ńlá ni mo ti ń pè é láti kékeré. Ẹ ti wá jẹ́ ká mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣé Ọ̀gá náà la tún máa padà sí?"

Bàbá Àmọ̀dá tẹ orí mọ́lẹ̀, ó dà bí ẹni pé ó ń kábàámọ̀ ohun tó sọ.

Ọmọ tí wọ́n ń tọrọ kì í sọ̀rọ̀ níbi tí àwọn àgbà bá ti ń tọrọ rẹ̀. Toyibat mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa.

"Ẹ máa pè é ní Bàbá Toyibat," ni ó wí.

Wọ́n yíjú sí i. Kò gbé ojú rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá Àmọ̀dá dán an wò ní ẹnu jẹ́jẹ́, "Bàbá Toyibat," ó sì tún pè é lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìyá Ṣùkúrát ní kí Al-Ameen fa òun dìde. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà yàrá inú níbi tí wọ́n sin ọkùnrin náà sí, ó di ilẹ̀kùn mú, ó sì kúnlẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ kí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

"Bàbá Toyibat," ni ó wí, "ẹ kú ọwọ́ lómi."