Ta Ni Ìyá Ìbejì Nínú Yín?

Ẹ̀yin tèmi, àlá tí mo lá lọ́sàn-án àná, bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ẹ̀fọn ọsibítù má jẹ́ kí n fojú boorun mọ́. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ìyá mi wà ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin, egbò ẹsẹ̀ ló gbé wọn débẹ̀. Mo gbé oúnjẹ lọ fún wọn, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, fáànù ń fẹ́ mi lẹ́lẹ́, ni oorun bá gbé mi lọ.

Lójú àlá, wọ́ọ̀dù ti kúrò nílẹ̀. Ó ń fò lókè bíi bàlúùnù, tibẹ́ẹ̀dì-tibẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi okùn so ó mọ́ igi máńgòrò kó má baà sá lọ. Ẹ̀rù ò bà mí. Mo ní bóyá wọ́n fẹ́ nu abẹ́ ẹ̀ ni.

Ilẹ̀kùn ṣí. Abẹ́rẹ́ kan wọlé, ó ga tó mi, ó de fìlà, ó wọ bàtà.

"Ẹ káàsán o," Abẹ́rẹ́ ní. "Pẹnisílínì lorúkọ mi. Ìyá Ìbejì ni wọ́n rán mi sí. Ta ni Ìyá Ìbejì nínú yín?"

"Hin!" ìyá mi dáhùn.

"Èmi rè é!" obìnrin tó wà lẹ́bàá fèrèsé dáhùn.

Bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀ lé e dáhùn. Èyí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn dáhùn. Baba kan tó ń kun ògiri ní Ìyá Ìbejì lòun náà. Fáànù dúró sójú kan, ó ní òun bí ìbejì rí, iṣẹ́ ni ò jẹ́ kóun máa sọ ọ́.

Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀rọ̀ ìyá mi àti pẹnisílínì. Ìgbà tí wọ́n gbà á kẹ́yìn, ojú wọn wú bíi búrẹ́dì inú omi, èémí kọ̀, kò wọlé mọ́, Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Àfi bí Abẹ́rẹ́ ṣe kọjú sí bẹ́ẹ̀dì wọn gan-an, tó ń ká ọwọ́ aṣọ sókè.

Mo fò dìde. "Bọ̀dá Abẹ́rẹ́, ẹ dúró! Ìyá Ìbejì tí ẹ ń wá kọ́ nìyí! Ara wọn ò gbà yín!"

"Ṣé wọn kì í ṣe Ìyá Ìbejì ni?"

"Ìyá Ìbejì ni wọ́n."

"Ta wá ni ìbejì ọ̀hún?"

"Èmi ni Kẹ́hìndé."

"Kí ló wá kù?" ló bá ń na ẹnu ẹ̀ gbọọrọ. "Lọ bá ọ̀gá. Bí o bá tètè dé, o ó bá mi níbí. Bí o bá pẹ́, mo ti ṣe tán."

Mo bẹ́ sílẹ̀ láti ojú fèrèsé. Inú táńkì omi ni ọ́fíìsì ọ̀gá ọsibítù wà, ó ń léfòó pẹ̀lú tábìlì àti káléńdà. Mo lúwẹ̀ẹ́ débẹ̀, mo kan ilẹ̀kùn, mo wọlé. Ọ̀gá tún táì ẹ̀ ṣe.

"Orúkọ ìyá ẹ?"

"Ìyá Ìbejì, sà."

"Orúkọ ni mo ní!"

"Màmá Táyé, sà."

"Orúkọ tí bàbá tó bí wọn sọ wọ́n, ìwọ ọmọ yìí!"

Ẹ gbà mí, ọmọ wo ló ń pe ìyá ẹ̀ lórúkọ? Bí mo ṣe dàgbà tó yìí, orúkọ yẹn ò tíì gba ẹnu mi jáde rí. Mo tì í, tì í. Ó dé ọ̀nà ọ̀fun, ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀.

"Mi ò jáde," Orúkọ sọ látinú ọ̀fun mi. "Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni mí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà."

"Má jọ̀ọ́ mi. Ọmọ àná."

"Bí kò bá sí orúkọ," ọ̀gá ní, "kò sóhun tí mo lè mẹ̀ẹ́ẹ̀ẹ̀." Ó di ewúrẹ́ báyẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ táì ọrùn ẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Ọ̀gá tó di ewúrẹ́, ọ̀gá ṣì ni.

Ibẹ̀ ni Nọ́ọ̀sì Mọrẹ́nikẹ́, ẹni tó ń tọ́jú ìyá mi, ti wa kẹ̀kẹ́ oògùn lórí omi dé, omi ò tiẹ̀ ta sí i láṣọ. Ó fi etí fà mí sókè.

"Ta ló ń fi 'Ìyá Ìbejì' fún èèyàn lóògùn?" ó ní. "Ta ni aláìsàn, kí ni oògùn, báwo ló ṣe pọ̀ tó, ibo ló máa gbà wọlé, ìgbà wo ló yẹ kó lò ó? A gbọ́dọ̀ mọ gbogbo ẹ̀ kọ́wọ́ tó kan abẹ́rẹ́. Dárúkọ wọn!"

"Ó kọ̀, mà. Ó wà lọ́fun mi, ó ń bú mi."

Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lẹ́nu, ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán níbẹ̀ yẹn, mà. Ẹ má bínú sọ́mọ yín. Kò rí yín fín o, ó fẹ́ gbà yín là ni."

"Ìwọ lo mọ̀rọ̀ọ́ sọ," Orúkọ ní. Ó dìde, ó tún ìró ró.

Nígbà tí kẹ̀kẹ́ máa fi gbé wa dé wọ́ọ̀dù, Abẹ́rẹ́ ti di ìyá mi lápá mú. Mo la ẹnu, mo pariwo: "DÚRÓDỌLÁ ADÉGÒKÈ!"

Abẹ́rẹ́ dúró. Ó wo nǹkan tí wọ́n kọ sí i níkùn. "Áà. Dúródọlá kọ́ ni wọ́n kọ síbí." Ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi, gíláàsì ara ẹ̀ ń ró gbàǹ-gbàǹ.

Ariwo ara mi ló jí mi.

Gbogbo wọ́ọ̀dù ń wò mí. Ìyá mi ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ojú wọn le.

"Kẹ́hìndé! Ta lo ń dárúkọ ẹ̀ gbàlàgbàlà báyẹn? Ṣé ìwọ lo bí mi ni?"

Nọ́ọ̀sì Mọrẹ́nikẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àwo oògùn lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ̀rín ń pa á. "Ẹ fi sílẹ̀, mà. Ẹnu yín náà ni mo ṣáà fẹ́ ti gbọ́ ọ. Kí ni orúkọ yín?"

"Ṣé o ò gbọ́ nígbà tí aláìlẹ́kọ̀ọ́ yìí ń pè é ni? Dúródọlá Adégòkè."

"Oògùn wo ni ara yín ò gbà?"

"Pẹnisílínì. Àràárọ̀ lo ń bi mí."

"Màá tún bi yín lálẹ́." Ó wo ọ̀já orúkọ tí wọ́n so mọ́ wọn lọ́rùn ọwọ́, ó wo ara ìgò, ó tún un wò, kó tó da hóró oògùn sí wọn lọ́wọ́. Ìyá mi gbé e mì, wọ́n mu omi lé e, wọ́n gùnfẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Kí ni mo ṣe?" Nọ́ọ̀sì ní.

"Ẹ bèèrè ni, mà. Ẹ ṣé gan-an tí ẹ bèèrè."

Ó wò mí bí ẹni ń wo aláìsàn tí wọn ò tíì fún ní bẹ́ẹ̀dì. Ó ti kẹ̀kẹ́ ẹ̀ lọ sí bẹ́ẹ̀dì kejì.

"Ẹ káàsán, mà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni orúkọ yín?"

"Ìyá Ìbejì," obìnrin náà dáhùn.

Nọ́ọ̀sì gbé oògùn padà sínú àwo. "Orúkọ yín gan-an, mà," ó ní, ó sì dúró.