Ẹni Ìkẹyìn Nínú Pápá

"Ọmọ yẹn ò lè ṣọ́ ẹnikẹ́ni," Kóòṣì Hruska wí, ó sì ju koláṣì, búrẹ́dì aládùn tó ń jẹ, padà sínú páálí rẹ̀. "Mú un kúrò lẹ́yìn. Gbé e wá síwájú, kóun àtàwọn sìgbọnlẹ̀ máa kọlu ara wọn. Ibẹ̀ ló mọ̀."

Pettaway, igbákejì rẹ̀ tó ń kọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹ̀yìn, rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú rẹ̀ ò dùn. "Ọ̀gá, tẹ́ ẹ bá gbé Tavarus síwájú, ẹ ti bà á láyé jẹ́ nìyẹn. Ọkùnrin tó ń bọ̀ láti yunifásítì lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ̀ṣọ́ ẹ̀yìn ló ń wá. Tó bá bá a níwájú láàárín àwọn òmìrán, ṣe ló máa wọ mọ́tò ẹ̀ padà. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti lọ nìyẹn."

"Ṣé torí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tiẹ̀ ni wọ́n á ṣe máa nà wá? Ìwọ náà rí i lánàá."

Ta ni ò rí i? Ní gbogbo ilẹ̀ Texas, ìlú kan ò sí tó ń wo bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń fọwọ́ jù, bí Cedar Prairie. Nígbà tí eré kù díẹ̀ kó parí, àwọn àlejò ju bọ́ọ̀lù gígùn kan, asárétete wọn sì gbà á ní etí pápá, òun nìkan, kò sẹ́ni tó dí i lọ́wọ́. Tavarus Gandy ló sáré dé lẹ́yìn ẹ̀, ó fò, ó ṣubú, eré sì bọ́ lọ́wọ́ wa. Àṣà ẹgbẹ́ náà ni pé ẹni tó bá ṣẹ̀ á dìde láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀. Tavarus dìde, ó ní, "Èmi ni, sà." Kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa, wọ́n ti ń sọ nílé epo pé ẹsẹ̀ ọmọ náà wúwo.

Ẹ̀ṣọ́ ẹ̀gbẹ́ tó sún mọ́ ibẹ̀ jù ni Colt, ọmọ Hruska. Kò sẹ́ni tó dárúkọ Colt. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ká má purọ́ mọ́ ọkùnrin náà, kò tiẹ̀ wá sí i lọ́kàn rárá láti wo ọmọ ẹ̀.

"Fíìmù ẹ̀gbẹ́ pápá la wò," Pettaway ní. "Bọ́ọ̀lù ni kámẹ́rà yẹn ń tẹ̀ lé. Ẹ̀ṣọ́ ẹ̀yìn kì í sí nínú ẹ̀, àfi tí bọ́ọ̀lù bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ti orí ọ̀pá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láàárọ̀ yìí. Béèyàn bá ń sunkún, á máa ríran, ọ̀gá mi."

"Ó dáa, wòlíì. Tàn án."

Orí ọ̀pá gíga, lẹ́yìn pápá lọ́hùn-ún, ni kámẹ́rà kejì wà, gbogbo èèyàn ló sì ń hàn níbẹ̀. Àṣẹ tí Hruska pa lọ́jọ́ náà ni pé kí ẹ̀ṣọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tẹ̀ lé ẹni tiẹ̀ dópin, kí Tavarus dúró ní àárín gbùngbùn. Colt tẹ̀ lé asárétete náà díẹ̀, ó sì dúró. Ó jọ̀wọ́ ẹ̀, bí ẹni pé ẹlòmíràn ń dè é lẹ́yìn. Kò sẹ́ni níbẹ̀.

"Dá a dúró." Ohùn Hruska ti lọ sílẹ̀.

"Ẹ má tíì wo Colt, sà. Tavarus ni kẹ́ ẹ wò."

Bọ́ọ̀lù ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ jù ú. Ojú ẹni náà ò tíì yí sí etí pápá rárá, àmọ́ Tavarus ti kúrò láàárín, ó ti ń ya lọ síbẹ̀ bí ẹni tí iná ń lé. Pettaway dá a padà, ó tún un tàn. Kò sẹ́ni tó ké sí i. Kò sẹ́ni tó nawọ́. Ẹsẹ̀ Colt tó dúró ló rí, ó sì ti mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ kí ẹni tó máa jù ú tó mọ̀. Nígbà tí bọ́ọ̀lù balẹ̀ sọ́wọ́ asárétete, díẹ̀ báyìí ló kù kí ìka Tavarus kàn án.

Hruska sún àga ẹ̀ mọ́ àwòrán náà. Ó ti darúgbó sídìí iṣẹ́ yìí, kò rí irú ẹ̀ rí. Ẹ̀rù bà á, inú ẹ̀ sì dùn mọ́ ẹ̀rù náà. "Ọlọ́run mi," ó ní jẹ́ẹ́. "Ibo lọmọ yìí ti kọ́ ọ?"

"Kì í ṣe lọ́dọ̀ mi. Èmi ò mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀."

Àwọn ọmọ ti ń wọlé láti wá wo fíìmù, bí wọ́n ti máa ń ṣe ní gbogbo Sátidé. Hruska wo rìmóòtù ọwọ́ ẹ̀. Tó bá tan ti ẹ̀gbẹ́ pápá, ọ̀rọ̀ parí, Colt bọ́. Ẹyin tóun àti Colt jọ jẹ láàárọ̀ yẹn ò tíì dà nínú ẹ̀. Ó tan ti orí ọ̀pá.

Kí fíìmù náà tó parí, Colt ti dìde, etí ẹ̀ pọ́n wẹ̀. "Èmi ni, Dádì. Mo gbàgbé àṣẹ. Èmi ni."

"Mo rí i. Jókòó, ọmọ mi." Ó kọjú sí Tavarus. "Ìwọ mọ̀. Kí ló dé tó o fi dìde lánàá?"

Tavarus ń wolẹ̀. "Kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn mi, sà. Ohun tó bá ti kọjá wọn, tèmi ni."

"Báwo lo ṣe rí ẹsẹ̀ Colt látọ̀nà jíjìn yẹn?"

"Gbogbo wọn ni mo máa ń rí, sà." Ó dà bíi pé ìbéèrè náà yà á lẹ́nu. "Ṣé gbogbo èèyàn kọ́ ló ń rí i ni?"

Hruska na rìmóòtù sí i. "Ẹ̀yìn náà ni wàá dúró lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó yá, bọ́ síwájú, wá fi ohun tó o ń rí hàn wá."

Ó fi ibi tí ọ̀gá máa ń dúró sílẹ̀ fún ọmọ náà, ó lọ jókòó ti Colt láàárín àwọn yòókù, ó sì ń gbọ́.