Oorun Ti De

…àti pé irin ni ilẹ̀ ibẹ̀, irin ni ògiri, irin ni ilẹ̀kùn tó pa dé mọ́ ọn.

Ológbò ni wọ́n ń pè é nílé, nítorí ibi tó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ lẹ ó ti bá a. Ẹ wá wo iṣẹ́ tí Ológbò rí ṣe: ó ń ṣọ́ yàrá yìnyín tí wọ́n ń kó ẹja sí. Àwọn yòókù ti lọ sílé. Ó ní kí òun kàn sáré mú ẹja kan. Gbà-á!

4.

ÌKÌLỌ̀
ỌWỌ́ ILẸ̀KÙN TI INÚ TI BÀJẸ́.
ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ DÁ WỌLÉ.

Ara ìta ilẹ̀kùn ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́.

4, lẹ́ẹ̀kan sí i; òtútù ti ń da òǹkà rú.

Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń tún fíríìjì ṣe.

ẸGBỌ́N: Dìde nílẹ̀! Irin yẹn á fa gbogbo ooru ara rẹ tán.
ÀBÚRÒ: Mo ti tẹ́ páálí, Bọ̀dá.
ẸGBỌ́N: Ìbọ̀sẹ̀ ńkọ́?
ÀBÚRÒ: Ó ti rin gbingbin.
ẸGBỌ́N: Bọ́ ọ dànù. Omi burú ju afẹ́fẹ́ lọ. Kúrò níwájú fáànù náà, atẹ́gùn rẹ̀ ń gbé ooru rẹ lọ ni.
ÀBÚRÒ: Bọ̀dá, ṣé ẹ ń bọ̀ ni àbí ẹ ń kọ́ mi níṣẹ́?
ẸGBỌ́N: Mo ti wà lórí alùpùpù. Mo ti pe máígádì ẹnu géètì yín. Bó bá ṣáájú mi ṣílẹ̀kùn, lọ jókòó sínú oòrùn, kí o sì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Àmọ́ bí oorun bá ń kùn ọ́ pẹ́nrẹ́n, sọ fún mi o. Oorun yẹn ló ń—

Ìpè já.

9.

Ìpè kò wọlé mọ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan ló ń rí ọ̀nà gba inú irin yẹn. Fóònù rẹ̀ kò sì ní àmì ohùn. Kò sẹ́ni tó bìkítà rí.

7.

Ó ń ro oòrùn ìta. Ìyẹn ò nílò irin, kò nílò omi, kò nílò afẹ́fẹ́ tí yóò gbé e. Ó kàn ń bọ̀ tààrà ni. Ilẹ̀kùn nìkan ló dá a dúró.

Ẹ̀rù bà á gan-an.

7.

Kò gbọ̀n mọ́. Inú rẹ̀ dùn sí i. Kò yẹ kó dùn.

11.

Ìpéǹpéjú rẹ̀ wúwo. Ọmọ tó ń gbọ́ràn ni, ó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀:

    Boda, oorun ti de

12.

    Oluwa o seun!!! Joko, rora maa ya oorun daadaa. Ba mi ki maigadi. Mo ti yi alupupu pada sile

12.

Ìka rẹ̀ ò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ó wá àmì lórí fóònù náà títí, kò rí i. Ó ń pè é sókè ketekete bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ohùn kọ̀ọ̀kan lórí àyè rẹ̀, fún irin, fún ẹja:

    Boda, oorun ni mo wi o. Ki i se oorun