Bẹ́ǹṣì tí Loretta Tọrọ

Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín pé àwa ará Larkmount burú. A ò burú. Ìkà ì bá tiẹ̀ sàn, torí ẹni tó bá ṣèkà, èèyàn lè bá a jà.

Orí òkè yìí ni mò ń gbé ní Calgary, láti ìgbà tí Alasdair ọkọ mi ti rí owó epo rọ̀bì, tó ra ilé fún wa, kí ọlọ́jọ́ tó dé bá a. Mo mọ̀ wá dáadáa. Bí yìnyín bá bọ́, kó o tó jí, aládùúgbò ti gbá iwájú ilé tìrẹ mọ́ tiẹ̀, kò sì ní dúró gba ọpẹ́. Bí ẹnìkan bá kú nílé rẹ, oúnjẹ á kún ẹnu ọ̀nà débi pé ibi tí wàá kó o sí á di wàhálà. Ilé wa tóbi, yàrá ìwẹ̀ pọ̀ ju èèyàn tó ń wẹ̀ lọ, gárééjì gba mọ́tò mẹ́ta. Àmọ́ láti òkè òpópó dé ìsàlẹ̀, kò síbi tí ẹni tí ò nílé níbẹ̀ lè fìdí lé. Kí ẹnìkan wá wò ọ́ lójú kó ní "rárá, mi ò fẹ́"? Háà! Yóò kúkú gé ahọ́n rẹ̀ jẹ.

Loretta Hynes ò mọ èyí. Newfoundland ni wọ́n ti bí i, erékùṣù àwọn apẹja tó wà lọ́hùn-ún létí òkun, níbi tí èèyàn kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé, tí wọ́n á bú ọ lójú ẹ kí wọ́n tó bu ọbẹ̀ fún ọ. Iṣẹ́ Gerard ọkọ rẹ̀ ló gbé wọn dé àdúgbò wa. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Shauna, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló mú un lọ nígbà ìrúwé. Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Wọ́n gbé e lọ sí Newfoundland, wọ́n sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá Loretta. Bí Loretta bá fẹ́ jókòó ti ọmọ ẹ̀, àfi kó wọ ọkọ̀ òfurufú.

Ìdí nìyẹn tó fi ní òun fẹ́ bẹ́ǹṣì kan, kí wọ́n kọ orúkọ Shauna sí i lára, kí wọ́n gbé e sí ìparí òpópó wa létí òkè, níbi tí èèyàn ti ń rí odò nísàlẹ̀ àti àwọn òkè ńlá oníyìnyín lọ́ọ̀ọ́kán. Ìjọba ìlú ní kò burú, bí ẹgbẹ́ àdúgbò bá ti fọwọ́ sí i.

"Igi lásán ni mo ń tọrọ, Màmá Isobel," ló sọ fún mi. "Igi tí n lè fìdí lé kí n bá ọmọ mi sọ̀rọ̀."

Ó lọ láti ilé dé ilé. Pamela Wray, tí fèrèsé pálọ̀ rẹ̀ kọjú sí etí òkè yẹn gan-an, dì mọ́ ọn lẹ́nu ọ̀nà, ó sunkún sí i léjìká. Graham Tolliver, alága ẹgbẹ́ wa, ní ọ̀rọ̀ náà wọ òun lákínyẹmí ara. Ni Loretta bá já wọ ilé mi láìkanlẹ̀kùn, ojú ẹ̀ ń dán, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn látìgbà tọ́mọ ti kú.

"Màmá, wọ́n ti gbà o! Gbogbo wọn!"

"Ta ló fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun gbà?"

"Àǹtí Pamela ní èrò tó dára gan-an ni. Ó ní ohunkóhun tí mo bá fẹ́, kí n ṣáà sọ."

"Loretta, ọ̀rẹ́ ojú lásán ni. Kò dénú."

"Ẹ̀yin náà, ẹ kì í retí rere lọ́dọ̀ èèyàn! Ṣé obìnrin tó sunkún sí mi léjìká ló máa wá yí padà?"

"Òun gan-an ni mò ń wí."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àgbà ti ń yọ mí lẹ́nu, ó ṣí fíríìjì mi, ó mú wàrà. Mi ò bá a jiyàn mọ́. Ta ló máa fẹ́ ba ẹ̀rín jẹ́ lẹ́nu abiyamọ tí kò rẹ́rìn-ín látọjọ́ yìí?

Ìpàdé bọ́ sí oṣù kọkànlá ní gbọ̀ngàn àdúgbò. Kọfí wà, bisikíìtì wà. Graham kọ́kọ́ ní ká dìde, ká dákẹ́ fún Shauna. A dákẹ́, àwọn kan sì nu ojú. Ìgbà tá a jókòó tán ló wá bẹ̀rẹ̀.

"Kò sẹ́ni tí ò fẹ́ràn èrò yìí," ó wí, ohùn ẹ̀ ń yọ́ bíi bọ́tà. "Ìbéèrè kéékèèké la kàn ní."

Ìbéèrè kéékèèké! Ẹnìkan ní bẹ́ǹṣì máa ń pe àwọn ọ̀dọ́ tó ń mugbó. Ẹnìkan ní àwọn ará ibòmíràn á máa wa mọ́tò wá wòran. Òmíràn ní bá a bá gbà fún ẹyọ kan, ibo ló máa parí sí? Dókítà eyín kan ní ṣé a tiẹ̀ ti ro ti àwọn ẹyẹ.

"Ẹyẹ ló rán ẹ wá ni?" mo bi í. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọn ò wojú mi.

Pamela ló sọ tiẹ̀ gbẹ̀yìn, ó gbọ́wọ́ lé àyà. "Loretta fúnra ẹ̀ ni mò ń rò. Bó bá ń rí nǹkan yẹn lójoojúmọ́, ṣé kò ní máa tú egbò ẹ̀?"

Loretta dìde. "Àǹtí Pamela, egbò wo ló ti jinná tẹ́ ẹ fẹ́ kó má tú?" Ó wò yíká. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí ò bá fẹ́ ẹ, kó sọ fún mi. Mi ò ní bínú. Lọ́dọ̀ tiwa, a máa ń jà tán ká tó jẹun ni. Ta ni ò fẹ́ ẹ?"

Gbogbo wọn tẹjú mọ́ kọ́ọ̀pù kọfí bí ẹni pé nǹkan já sínú ẹ̀. Graham ní kí ọ̀rọ̀ má bàa dun ẹnikẹ́ni, ká dìbò sínú àpótí, láìkọ orúkọ. A dìbò. Nígbà tí wọ́n kà á tán, àwa tá a gbà ò tó ìka ọwọ́ kan.

Loretta ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń wá ojúlùmọ̀ láàárín èrò. Àbí kí lẹ rò pé wọ́n wá ṣe? Wọ́n tò, wọ́n ń dì mọ́ ọn, ẹnìkan tẹ̀ lé ẹnìkan, kí wọ́n tó lọ sílé.

Mo pariwo mọ́ wọn. "Ẹ̀yin alábòsí yìí, ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀!"

"Màmá Isobel, ẹ rọra," Graham ní. "Ẹ rántí ẹ̀jẹ̀ ríru yín."

Ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá ẹ̀!

Kò pẹ́ sígbà náà, mo wà ní ilé ìdáná lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, mo rí Loretta tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ létí òkè, nínú yìnyín. Mo wọ kóòtù, mo mú ọ̀pá, mo lọ bá a.

"Dìde níbẹ̀, òtútù á pa ọ́."

"Ẹ jókòó, Màmá."

"Síbo? Sórí yìnyín?"

"Ibẹ̀ ni Shauna ń jókòó sí."

Orúnkún mi ké, àmọ́ mo jókòó. Ló bá sọ ohun tí kò sọ fẹ́nì kankan. Ní oṣù tí ọmọ náà lò kẹ́yìn, ojoojúmọ́ ló fẹ́ máa rí àwọn òkè yẹn kí oòrùn tó wọ̀. Láti ẹnu ọ̀nà wọn dé ibí lagbára ẹ̀ mọ. Kò síbi ìjókòó, ó di kó jókòó sílẹ̀. Bí wọ́n bá wá fẹ́ padà sílé, kò ní lè dìde. Ìyá ẹ̀ á tọwọ́ bọ̀ ọ́ lábíyá, á gbé e bí ọmọ ọwọ́, ojú á sì máa ti ọmọ náà nítorí àwọn tó ń wa mọ́tò kọjá.

"Ó ní, 'Mọ́mì, bí bẹ́ǹṣì bá wà níbí, ǹ bá máa dá dìde.' Mo ní màá wá a fún un. Mo ṣèlérí, Màmá. Mi ò tíì débì kankan tó fi kú."

"Kí ló dé tó ò sọ èyí nípàdé?"

"Kí n máa gbé ìtìjú ọmọ mi kiri kí wọ́n tó fún mi ní pákó?"

Omi ń dà lójú mi, òtútù ti wọ egungun. Mo ní ká máa lọ. Mo tẹ ọ̀pá mọ́lẹ̀, ọ̀pá yọ̀, orúnkún kọ̀. Loretta dìde, ó bọ́ sẹ́yìn mi, ó tọwọ́ bọ̀ mí lábíyá.

"Ẹ gbára lé mi, Màmá. Ẹ má bẹ̀rù. Ẹ dì mí mú dáadáa." Ó mí kanlẹ̀, ó ń gbé mi. "Rọra. Mo ti mú ẹ. Rọra, Shauna, má wo mọ́tò wọn."

Mi ò lè sọ fún un pé èmi kì í ṣe Shauna. Ni apá ẹ̀ bá rọ, àwa méjèèjì ṣubú padà sínú yìnyín. Ó gbá mi mọ́ra láti ẹ̀yìn, ó sì ké. Igbe tí kò ké nígbà ìsìnkú, ó ké e jáde lọ́jọ́ náà.

Àkókò táwọn ará àdúgbò ń ti ibiṣẹ́ dé ni. Mọ́tò Graham ń bọ̀. Mo na ọ̀pá sókè, mo pariwo, "Graham! Wá gbé wa!" Gíláàsì ẹ̀ wà ní títì. Ó gbọ́wọ́ sókè kí wa, ó dín iná mọ́tò kù kó má bàa tàn sí wa lójú, ó rọra kọjá. Kọ́tìnì Pamela ṣí díẹ̀, ó tún padé. Níkẹyìn mo rákòrò dé ìdí òpó iná, mo fi í dìde, mo sì na ọwọ́ sí Loretta.

Lọ́jọ́ kejì mo wà nílé ẹ̀, mò ń bá a di ẹrù. Ó ti pinnu láti padà sí Newfoundland, kí Gerard máa bọ̀ lẹ́yìn. Ẹnìkan kanlẹ̀kùn. Pamela ni, ojú ẹ̀ ti pọ́n.

"A rí yín lánàá," ó ní. "Gbogbo wa la rí yín. Loretta, ó dùn wá dọ́kàn, mi ò lè sùn. A ò kàn fẹ́ dí yín lọ́wọ́ ni."

Loretta di kóòtù Shauna mú láyà. Mo dúró kí ó fi èébú ìlú ẹ̀ wẹ̀ ẹ́ látòkè délẹ̀. Mo fẹ́ gbọ́ ọ gan-an.

"Ẹ ṣeun, Àǹtí Pamela," ó ní. "Ó dára gan-an bẹ́ ẹ ṣe rò ó."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, bí ará Larkmount gan-an, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn. Mo ní kó pè é padà, kó sọ tinú ẹ̀ fún un, kó tiẹ̀ pariwo lásán. Ó ní rárá, ó ti tán. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń ká kóòtù ọmọ ẹ̀.