Orúkọ Tó Wà Lábẹ́ Idẹ

Maurice kò ní i lọ́kàn láti ba nǹkan jẹ́. Nígbà tí Justine, olùkọ́ kan ní Atakpamé, gbé míkróskóòpù idẹ àtijọ́, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ohun tín-ín-tìn-ìn, wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé kókó tí wọ́n fi ń yí i sókè sódò ti há, ṣe ni inú rẹ̀ ń dùn. Ogójì ọdún ló ti fi ń tún aago ṣe, kò tíì rí iṣẹ́ ọwọ́ tó gún régé tó báyìí. Ẹni tó ṣe é fi ọwọ́ gé eyín irin inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ni.

Ó tú u, ó fọ̀ ọ́, kókó náà sì ń yí geere. Ibẹ̀ ni ì bá ti dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kó máa dán bíi tuntun, ló bá mú sáńpépà, ó ha gbogbo ara rẹ̀ títí dé ìdí. Ìgbà tó nu eruku kúrò ló rí i pé orúkọ ẹni tó ṣe é, tó ti tajú rí ní ìdí rẹ̀ nígbà tó ń tú u, ti pa rẹ́. 

Lọ́jọ́ kejì, Justine wá gbé ẹ̀rọ náà, ó sì dojú rẹ̀ dé láti wo ìdí rẹ̀.

"Bàbá, orúkọ ẹni tó ṣe é dà? Mo rí i fìrí lọ́jọ́ tí mo rí ẹ̀rọ yìí, mi ò kà á tán, mo sì ti sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé a máa wádìí rẹ̀."

"Orúkọ wo? Mi ò rí orúkọ kankan."

Justine tún ìdí ẹ̀rọ náà wò. "Ó ní láti jẹ́ pé ojú mi ló tàn mí. Ẹ má bínú, Bàbá."

"Ẹ má bínú" yẹn ni kò jẹ́ kí oúnjẹ lọ lọ́fun Maurice fún ọjọ́ mẹ́ta. Aago tó bá ṣí, ó dà bíi pé ó ń rí ọkùnrin kan tó tẹrí ba lórí idẹ, tó ń fín orúkọ ara rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó gun òkè lọ sílé-ìwé Justine.

"Madáàmù, èmi ni mo ha á dànù. Mo sì purọ́ fún yín."

Justine ní, "Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ọmọ náà pé irọ́ ni mo pa."

Maurice kò lè gbójú sókè. Justine fa ìwé kan ya, ó nà án sí i. "Ẹ kọ èyí tí ẹ bá rántí nínú orúkọ náà."

Lẹ́tà mẹ́ta péré ló rántí, àti bí ìrù lẹ́tà àkọ́kọ́ ṣe ká kò.

"Kò pé," ló wí.

"Kò pé lóòótọ́," ni Justine dáhùn, ó sì fi ìwé náà sínú àpótí ẹ̀rọ.