Gọ́ọ̀mù Wo ni Bàbá Lò?

7.

…rọ́bà yẹn kọ́ ni mò ń wí, mo ní. Rọ́bà líle. Rọ́bà bàlúù.

Síkírù tó ń ta gọ́ọ̀mù ní Ọ̀yìngbò gbójú sókè wò mí. "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ ní rọ́bà. Mo sì fún yín ní gọ́ọ̀mù rọ́bà. Aránbàtà ń rà á, fọ́kanáísà ń rà á, kò sẹ́ni tó bá mi jà rí."

Ó jàre. Èmi ni mo ní rọ́bà. Sìlípáàsì, rọ́bà ni. Táyà, rọ́bà ni. Bọ́kẹ́ẹ̀tì, rọ́bà ni. Bàlúù bàbá mi tó le gbagidi, rọ́bà náà ni. Gọ́ọ̀mù ńkọ́? Gọ́ọ̀mù ni gbogbo ẹ̀.

Gọ́ọ̀mù aránbàtà ti jẹ apá bàlúù. Ó rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ kó lè mú, ìtẹ̀ka mi wọ inú ẹ̀ lọ, ó sì gan síbẹ̀.

Mo fẹ́ẹ̀ ké.

Mo ké.


1.

(Ó yẹ kí èyí ṣáájú. Mi ò rójú tò ó.)

Orúkọ mi ni Ọlọ́runfúnmi. Inú yàrá kan tí mo háyà ní Sábó ni èmi àti bàbá mi ń gbé láti ọdún tó kọjá. Iṣẹ́ reluwé ló ti fẹ̀yìn tì. Àwọ̀ funfun ti bo ojú ẹ̀ méjèèjì. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Àǹtí Àríkẹ́, ẹ̀gbọ́n mi, wá gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ. Fúráìdeè ni wọ́n máa tú báńdéèjì.

Bàlúù náà kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Wẹ́wẹ́ ló rà á nínú páálí, pé kéèyàn tò ó fúnra ẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ló fi tò ó. Iṣẹ́ tó fi ojú ẹ̀ ṣe kẹ́yìn nìyẹn. Kò wọ bàlúù gidi rí láyé ẹ̀.

Kó tó jáde lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó ní: "Fúnmi, bá mi tọ́jú ẹ̀. Òun ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí."


2.

Ó já bọ́.


3. WhatsApp, Túsìdeè

ÀǸTÍ ÀRÍKẸ́: Wọ́n ti ṣe é tán o. Ọlọ́run ṣeun

ÀǸTÍ ÀRÍKẸ́: Ó ní ṣé bàlúù òun wà dáadáa

ÈMI: Ó wà ma

ÀǸTÍ ÀRÍKẸ́: Ya fọ́tò ẹ̀ kí n máa ṣàpèjúwe ẹ̀ fún un

ÈMI: Kò síná ma. Fóònù mi fẹ́ kú

Iná wà. Fáànù ń fẹ́ mi lójú bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́.


2, àtúnṣe.

Fáànù ló fẹ́ ẹ ṣubú.


4. OHUN TÓ DÁ

apá òsì, láti ìdí

gíláàsì iwájú, níbi tí awakọ̀ ń jókòó (kì í ṣe gíláàsì o, rọ́bà tó mọ́ gaara ni, ẹ̀yin náà ẹ ti ń rí wàhálà mi)

èmi, ṣùgbọ́n ẹ fi tèmi sílẹ̀ ná


5. Ìwé tí Bàbá kọ sẹ́yìn páálí

*Táyà mẹ́ta. Mo lo gọ́ọ̀mù.*

*Apá méjèèjì. Mo lo gọ́ọ̀mù.*

*Gíláàsì iwájú. Mi ò rí etí ẹ̀ dáadáa mọ́. Ọwọ́ ni mo fi wá a. Mo lo gọ́ọ̀mù.*

Gọ́ọ̀mù wo, Bàbá?

Gọ́ọ̀mù WO?


6. Ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri ìsọ̀ Síkírù

ÀKÍYÈSÍ
GỌ́Ọ̀MÙ TÍ Ẹ BÁ TI ṢÍ, TIYÍN NI.
Ẹ MỌ OHUN TÍ Ẹ FẸ́ LẸ̀ KÍ Ẹ TÓ WÁ.

Mo kà á lẹ́yìn tí mo ti ṣí i.


8. Wẹ́sìdeè

Síkírù ló júwe Awwal fún mi, káfíńtà kan ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó tọ́wọ́ ẹ̀ mọ nǹkan kéékèèké. Mo kó bàlúù sínú páálí, mo gbé e mọ́ àyà, mo rìn títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Mi ò lè jókòó. Láti Mọ́ńdè ni mi ò ti lè jókòó.

Awwal kò bi mí bó ṣe dá. Ó mú ọ̀kan nínú àwọn igi rọ́bà tí àwọn ẹ̀yà bàlúù so mọ́ tẹ́lẹ̀, tí Bàbá ò jù nù kúrò nínú páálí. Ó ní orí ìyẹn la ti máa dán gbogbo gọ́ọ̀mù wò kó tó kan ojúlówó. Ó ní ẹni tó bá kánjú lẹ nǹkan, á kánjú tún un lẹ̀.

Gọ́ọ̀mù àwọn pọ́ńbà, èyí tí wọ́n fi ń lẹ páìpù omi, ló fi ṣe apá. Orí abẹ́rẹ́ ló fi tọ́ ọ, kíún báyìí. Ó yọ́ ẹnu méjèèjì wọnú ara wọn, ó di ọ̀kan. Ó fi sáńpépà pa ìtẹ̀ka mi rẹ́. Inú mi dùn débi pé mo kí i bí ẹni kí ọkọ ìyàwó.

Ó ku gíláàsì.


9. Ọ̀rọ̀ èmi àti Awwal (mo ti ń gbà á sí fóònù torí ọkàn mi ò dúró)

ÈMI: Ẹ fi súpágulúù lẹ̀ ẹ́, kí n máa lọ.

AWWAL: Á mú o. Ẹ lè fi kọ́ bàlúù gidi rọ̀. Ṣùgbọ́n èéfín súpágulúù, ó máa ń fọ́ ọ lójú.

ÈMI: Kí lẹ wí?

AWWAL: Gíláàsì yìí. Á fọ́jú. Àwọ̀ funfun á bò ó.

ÈMI: Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀.

AWWAL: Bá a ṣe ń pè é nìyẹn, Àǹtí.

ÈMI: Mo ní ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́!

(Ẹnì kan ń fi ayùn rẹ́ pákó lẹ́yìn.)

AWWAL: Ẹ má bínú. Tiwa náà wà, gọ́ọ̀mù funfun káfíńtà. Tó bá gbẹ, á mọ́ gaara bí omi, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ó dá rí. Àbùkù ẹ̀ ni pé kò lágbára lára rọ́bà. Ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ pẹ́rẹ́, ó ti ṣí.

ÈMI: Èwo ni kí n wá mú?

AWWAL: Ẹni tó máa fojú wò ó, gọ́ọ̀mù káfíńtà ni kẹ́ ẹ lò. Ẹni tó máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, súpágulúù. Ta ló ni ín?

ÈMI:

AWWAL: Àǹtí?

Ó kó àwọn méjèèjì fún mi.


10. Bàbá (èmi ni mò ń rò ó fún un)

Tí mo bá jí, imú bàlúù ni mo kọ́kọ́ máa ń wá. Màá fìka tọ ẹ̀yìn ẹ̀ bọ̀, títí màá fi kan gíláàsì. Màá tẹ̀ ẹ́ bí bẹ́ẹ̀lì. Fúnmi ti sọ fún mi pé kí n yé tẹ̀ ẹ́. Fúnmi ń kanra. Ó ti rẹ ọmọ náà, mo mọ̀. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

(Mo fẹ́ kó jẹ́ pé ó mọ̀.)


2, òótọ́ ọ̀rọ̀.

Ọdún kan gbáko. Èmi ni mò ń sè, èmi ni mò ń fọ̀, èmi ni mò ń tọ́ oògùn sójú Bàbá lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. "Fúnmi, kí nìyẹn? Fúnmi, ta ló wọlé? Fúnmi, ilẹ̀ ti mọ́ àbí?" Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Àǹtí Àríkẹ́ dé tòun ti bàtà gogoro, ó di ọwọ́ ẹ̀ mú lẹ́nu ọ̀nà, Bàbá mi wá ní:

"Ọpẹ́lọpẹ́ rẹ, Àríkẹ́. Bí kì í bá ṣe ìwọ, ta ni mo ní?"

Mo dúró síbẹ̀, bàlúù lọ́wọ́ mi. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ó dàbọ̀. Ọkọ̀ wọn gbéra.

Mo jù ú mọ́ ògiri.


11. Tọ́sìdeè

Mo dán méjèèjì wò lórí igi rọ́bà tó mọ́ gaara. Ti káfíńtà ò hàn rárá, àfi bí ẹni pé Ọlọ́run ló dá a bẹ́ẹ̀. Mo dijú, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ bí Bàbá ṣe ń ṣe. Ó ṣí.

Ti súpágulúù ò mì. Ṣùgbọ́n ó funfun bí

Mi ò parí ìyẹn.


12.

Tó bá ríran ńkọ́?


13.

Tí kò bá ríran ńkọ́?


14. Fúráìdeè, àárọ̀

Mo ti lẹ̀ ẹ́. Ẹ má bi mí èwo.


15. Ohùn Àǹtí Àríkẹ́ lórí WhatsApp, mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́

"Fúnmi, wọ́n ti tú u o. Dókítà na ìka sókè, ó ní mélòó nìyí. Bàbá ní ìka ni. Dókítà ní mélòó, sà. Bàbá ní ìka ni, ṣé kì í ṣe ìka ni? Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ bóyá ó rí i ni, àbí ó kàn ń dáṣà. Dókítà ní ká ní sùúrù, ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì kójú ẹ̀ tó là dáadáa. Ó tún ní… jọ̀ọ́, jẹ́ n délé ká sọ ọ́. A ti ń bọ̀. Bàbá ní kó o gbé bàlúù síbi tí oòrùn wà."


16. Ìpè, lójú ẹsẹ̀

BÀBÁ: Fúnmi.

ÈMI: Ẹ kú ewu, Bàbá mi.

BÀBÁ: Mo gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ. Ìwọ nìkan ni mo fẹ́ bi, torí ìwọ kì í tàn mí.

ÈMI: Mo ń gbọ́ sà.

BÀBÁ: Ṣé o gbà á gbọ́ pé màá rí i?

Mo ní, "Ẹ máa rí i, Bàbá mi. Gbogbo ọkàn ni mo fi gbà á gbọ́."

Láti àárọ̀ ni mo ti fi súpágulúù lẹ gíláàsì náà.